Ẹ̀tọ́ ilẹ̀, ẹ̀tọ́ odò, àti iná tuntun tó ń bọ̀: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Láti ìgbà tí owó epo ti gbówó lórí tí gbogbo ilé sì ń wá bí wọ́n ṣe máa ra sólà, mo ti jókòó sí ìpàdé ìlú púpọ̀, láti Ṣàgámù dé Ogbèrè. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń délẹ̀: wọ́n ní ayé ń kúrò nídìí epo àti èéfín, ó ń lọ sídìí iná oòrùn àti ọkọ̀ oníbátìrì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ta ni wọ́n ti máa wa ohun tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì? Odò ta ni ìdọ̀tí rẹ̀ máa ṣàn sí? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá ní àwọn ìpàdé náà. Àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù lórí rẹ̀ ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn mi.

Kí ni ẹ ń pè ní ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá gan-an?

Pé odò, igbó, òkè àti ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tiwọn lábẹ́ òfin: ẹ̀tọ́ láti wà, láti máa ṣàn, láti máa hù, àti láti rí àyè wo ọgbẹ́ ara wọn sàn. Nínú òfin tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan bá da májèlé sódò, ẹni tí ẹja rẹ̀ kú ló lè pẹjọ́, torí ohun ìní rẹ̀ ló bàjẹ́. Tí kò bá sí ẹni tó lẹ́ja níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá, odò gan-an ni wọ́n ṣẹ̀, odò ni olùpẹjọ́, títún odò náà ṣe sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ máa pa láṣẹ.

Ecuador, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ sínú ìwé òfin àgbà rẹ̀, ní 2008. Bolivia ṣe òfin tirẹ̀ ní 2010. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, Uganda fi í sínú òfin àyíká rẹ̀ ní 2019.

Odò kò lẹ́nu. Báwo ló ṣe máa dé kóòtù?

Bí iléeṣẹ́ tí kò lẹ́nu ṣe ń dé ibẹ̀ náà ni. Báńkì kò ní ẹsẹ̀, kò ní ahọ́n, síbẹ̀ ó ń pe àwọn ènìyàn lẹ́jọ́ lójoojúmọ́, torí òfin ti sọ ọ́ di ẹni. Ọmọ ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ kú náà ń lọ sí kóòtù, alágbàtọ́ rẹ̀ ló ń gbẹnu sọ fún un.

Ní New Zealand, òfin ọdún 2017 sọ odò Whanganui di ẹni lójú òfin. Wọ́n yan ènìyàn méjì láti máa sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀, ìjọba yan ọ̀kan, àwọn ẹ̀yà Máórì tó ni etí odò náà yan ìkejì. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Máórì yìí fi ń jà fún odò wọn. Òfin Uganda tilẹ̀ lawọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnikẹ́ni ló lè pẹjọ́ nítorí ìṣẹ̀dá tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú.

Èrò òyìnbó kọ́ ni èyí?

Rárá o. Níbi tí mo ti máa ń gbóná nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi.

Ẹ gbọ́ orúkọ tí a ń pe ẹni tó bá ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní jàǹbá: ọ̀dàlẹ̀. Ó dalẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ ọ̀rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni a sọ pé ó dà. Kí ló dé? Torí pé nígbà tí wọ́n ń mulẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀, ilẹ̀ gbọ́, ilẹ̀ jẹ́ ẹnì kẹta nínú àdéhùn náà. Ní ilédì Òṣùgbó, Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́ yẹrí ni ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi owó rà. Àwọn tó ní irú èdè báyìí lẹ́nu kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá láti òkè òkun wá kọ́ wọn pé ilẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ènìyàn ṣẹ̀.

Ẹ tún wo Òdògbólú. Ní 1912, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ń wádìí bí a ṣe ń ní ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sì Òdògbólú ni wọ́n ní ó dá wọn lóhùn pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ńlá kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àwọn tí a kò tíì bí nínú wọn kò sì lóǹkà. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rí títí di òní. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló sọ ọ́. Bí àwọn tí a kò tíì bí bá ní ìpín nínú ilẹ̀, àwa tí a wà níbí lónìí kò láṣẹ láti tà á dé gbòǹgbò.

Mùsùlùmí ni mí. Ṣé kì í ṣe ọ̀nà àtimú wa padà sídìí òrìṣà nìyí?

Alàájì kan ló bi mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì tọ́ kó béèrè. Kùránì sọ pé kò sí ẹranko tó ń rìn lórí ilẹ̀ tàbí ẹyẹ tó ń fi ìyẹ́ méjèèjì fò, àfi kó jẹ́ ìjọ bíi tiyín. Ìwé Léfítíkù sọ fún àwọn Kristẹni pé ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sinmi lọ́dún keje. Òfin tí à ń sọ kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ odò. Kí wọ́n má pa á ni ó wí.

Kí ló kan sólà àti ọkọ̀ oníbátìrì nínú ọ̀rọ̀ odò àti igbó?

Sólà orí òrùlé yín kì í tú èéfín, òótọ́ ni. Ibi tí wọ́n ti wa bàbà inú wáyà rẹ̀ àti lithium inú bátìrì rẹ̀ ni ẹrẹ̀ wà. Àjọ IEA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára lágbàáyé ṣírò pé ohun àlùmọ́nì tí ọkọ̀ oníbátìrì kan ń gbà tó ìlọ́po mẹ́fà èyí tí ọkọ̀ elépo ń gbà. Ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, wọ́n ń fa omi iyọ̀ jáde látinú ilẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú adágún kí oòrùn fà á gbẹ, kí lithium lè ṣẹ́kù. Ilẹ̀ tí omi ti ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀ ni o. Cobalt náà wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì; nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lágbàáyé, ilẹ̀ Kóńgò ló ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti súnmọ́ wa. Wọ́n ń wa lithium ní Nasarawa, wọ́n ń wá a kiri ní Kwara àti Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá rò pé ti ibẹ̀ kò kan Ìjẹ̀bú, kó wo odò Ọ̀ṣun. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wa wúrà, omi ló wá pọ́n bíi tíì oníwàrà. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun pé ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi náà. Odò yẹn kan náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kó tó wọ ọ̀sà. Wúrà kì í ṣe lithium, ṣùgbọ́n omi kò mọ ìyàtọ̀ ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀.

Ṣàgámù náà ní tirẹ̀. Òkúta ẹfun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ sísun òkúta yẹn nínú iná ń tú kábọ́ọ̀nù, èéfín tó ń mú ayé gbóná: ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run lágbàáyé, ìdí sìmẹ́ǹtì ló ti ń wá. Ìsédò àti òpó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní iná mímọ́, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn.

Ṣé ẹ wá ń sọ pé ká má ra sólà mọ́?

Ẹ rà á. Èmi náà ní in. Jẹnẹrétọ̀ ń pa wá, àyípadà ojú ọjọ́ sì ti dé oko wa: òjò kì í dé lásìkò tí bàbá wa mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má tìtorí ìwòsàn ojú fọ́ etí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Ògíjo?

Ògíjo wà ní Rẹ́mọ, lẹ́bàá ààlà Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń tú bátìrì àlòkù palẹ̀, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ láti tún un tà. Bátìrì ọkọ̀ àti bátìrì ìńfátà ló ń lọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹni tó ní sólà má ṣe bíi pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí òun: bátìrì tó kú nílé yín ní ibi tó ń lọ.

Òjé kì í rà. Ó ń bà lé erùpẹ̀, lé ewébẹ̀, lé aṣọ tí wọ́n sá, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ra lórí ilẹ̀ á sì fi ọwọ́ kó o sẹ́nu. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́, kì í sì í san padà bọ̀ sípò. Ẹ rántí Zamfara ní 2010: òjé tó jáde látinú òkúta wúrà pa ọmọ tó lé ní irínwó.

Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Ògíjo ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, alágbàtọ́ rẹ̀ kò ní dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Erùpẹ̀ tó ti ní òjé lára ti tó ẹ̀rí láti lọ sí kóòtù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi púpọ̀ lójú mi: òfin ti òní ń dúró de òkú kó tó dìde.

Ní ti ilé, ẹ má fọ́ bátìrì, ẹ má da omi ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbé e. Ẹ dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tó ń kó o lọ. Bí kò bá lè sọ, ẹ wá ẹlòmíràn.

Wọ́n ní àwọn kan fẹ́ fi igbó Ọmọ pa owó kábọ́ọ̀nù. Ṣé kò dára ni?

Ó lè dára, ó sì lè burú. Owó kábọ́ọ̀nù ni owó tí àwọn tó ń tú èéfín ń san fún ẹni tó ń tọ́jú igbó, torí igi ń fa èéfín náà mu. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí igbó náà jẹ́. Igbó ọba ni, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọdún 1925 ni ìjọba yà á sọ́tọ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún 130 hẹ́kítà, UNESCO sì fi í sára àwọn igbó àkànṣe lágbàáyé ní 1977. Erin wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, erin gidi, ní ìrìn wákàtí mélòó kan sí Ìlú Èkó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú kò mọ̀. J4, abúlé tó wà nínú igbó náà, ni wọ́n mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi tí pákó ti ń wá.

Wọ́n ti gba igbó yìí lọ́wọ́ wa rí pẹ̀lú ìlérí tó dùn. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n bẹ́ igi àbáláyé ibẹ̀ lulẹ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n gbin mẹ̀línà rọ́pò rẹ̀, wọ́n ní iléeṣẹ́ bébà tí wọ́n ń kọ́ sí Ìwòpin ni yóò máa jẹ ẹ́. Iléeṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe lérí. Igbó lọ, bébà kò dé. Ẹni tí kò bá ka mẹ̀línà sí nǹkan kan á sọ pé igi ṣáà ni igi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oko mẹ̀línà kò ní èso tí erin ń jẹ, kò ní ewé tí ìyá ń já fún àgbo.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù nínú owó kábọ́ọ̀nù gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń ra kábọ́ọ̀nù ń ka ìwọ̀n èéfín tí igi fà mu, kò ka erin, kò ka odò. Lójú rẹ̀, oko igi kan ṣoṣo tó ń yára ga lè níye lórí ju igbó àbáláyé lọ. Bí igbó bá ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ìṣirò á yí padà, torí a ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí igbó nílò láti máa jẹ́ igbó, kí a tó béèrè owó tó máa mú wá.

Mo tún ní ẹ̀rù kejì, n kò sì ní fi í pamọ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wà nínú igbó yẹn, tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn ti bímọ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé kòkó wọn ń jẹ igbó run. Ṣùgbọ́n kí a má sọ ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá di kóńdó tí a ó fi lé wọn jáde, kí a sì fún àwọn agégi-ńlá láyè láti máa kó ọkọ̀ pákó jáde lóru. Ẹ bá àwọn àgbẹ̀ jókòó, ẹ wá ilẹ̀ míràn fún wọn, ẹ fi wọ́n ṣe olùṣọ́. Ta ló mọ ipasẹ̀ erin jù wọ́n lọ?

Ṣé ó ti ṣiṣẹ́ níbì kankan, àbí ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni?

Ó ti ṣiṣẹ́. Ní 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìwé òfin ní Ecuador fagi lé àṣẹ tí ìjọba fún àwọn tó fẹ́ wa bàbà àti wúrà nínú igbó Los Cedros. Àwọn adájọ́ ní ó tẹ ẹ̀tọ́ igbó náà lójú. Ẹ kíyè sí i pé bàbà wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tí gbogbo ayé ń lépa nítorí iná tuntun. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé bàbà kò wúlò. Ó sọ pé kì í ṣe níbẹ̀. Ní Colombia, ilé ẹjọ́ fún odò Atrato lẹ́tọ̀ọ́ ní 2016 nítorí ìwà àwọn awakùsà wúrà, ó sì fi àwọn ará etí odò ṣe alágbàtọ́ pẹ̀lú ìjọba.

Ó sì ti kùnà níbòmíràn. Ilé ẹjọ́ gíga kan ní Íńdíà sọ odò Ganga àti odò Yamuna di ẹni ní March 2017. Kó tó pé oṣù márùn-ún, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti dá a dúró. Ecuador kan náà kò dẹ́kun wíwa epo àti wúrà. Òfin tí ará ìlú kò dìde fún, bébà ni.

Òfin Nàìjíríà ńkọ́?

Nàìjíríà kò tíì ní òfin tó sọ pé odò jẹ́ ẹni. Síbẹ̀ ọwọ́ wa kò ṣófo.

Ìwé òfin 1999, abala 20, pàṣẹ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko ìgbẹ́. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n abala 6 ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ọn. Ọ̀nà tó ṣí ni Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin tirẹ̀ láti 1983: abala 24 rẹ̀ sọ pé gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tó dára. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin dá a pé gáàsì tí wọ́n ń sun ní Niger Delta tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ará ibẹ̀ sí ìwàláàyè lójú. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pẹjọ́ lórí odò tí epo bà jẹ́ ní Ábíá, bí kò tilẹ̀ sí ohun ìní ẹgbẹ́ náà níbẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù kó dé ibi tí odò fúnra rẹ̀ á ti jẹ́ olùpẹjọ́.

Òfin ìwakùsà ọdún 2007 tún sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ baálẹ̀ kò mọ̀: ìwé àṣẹ ìwakùsà kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wa ilẹ̀ ibi tí àwọn ará ìlú kà sí mímọ́, tàbí láti pa igi tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún lára. Igbó Orò, ibi tí Agẹmọ ń gbà, ìrókò àbáláyé, gbogbo rẹ̀ wọ inú èyí.

Ohun àlùmọ́nì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn án. Igbó ọba ńkọ́? Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Nítorí náà kò sí ohun tó ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abẹ́òkúta má lè ṣe òfin pé igbó Ọmọ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, kí ó sì yan alágbàtọ́ fún un.

Iléeṣẹ́ kan ti dé ìlú wa. Kí ni ká béèrè?

Ẹ béèrè kí ẹ tó gba ọtí. Ìlú ìyá mi, lápá Ìjẹ̀bú-Igbó, kò béèrè. Àwọn tó ń fọ́ òkúta dé, wọ́n fún àwọn àgbà ní nǹkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí àpáta. Ògiri ilé ìyá mi la. Odò kékeré tí wọ́n ti ń rẹ pákí fún gaàrí láti ayé ìyá rẹ̀ di ẹrẹ̀ funfun. Gaàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe gaàrí láìsí omi tó mọ́. Nígbà tí a máa fi rí agbẹjọ́rò, ìwé ti di fífọwọ́ sí.

Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ipa lórí àyíká, èyí tí òfin 1992 sọ di dandan fún iṣẹ́ ńlá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i sílẹ̀ fún ará ìlú láti kà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Ẹ ní kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní gbangba, kí ẹ sì kọ ìtakò yín ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Tó bá jẹ́ ìwakùsà, abala 116 òfin 2007 sọ pé iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ kànga ẹ̀rọ àti àpò ìrẹsì nìkan ló máa wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ odò sí i lórúkọ. Ẹ kọ bí omi ṣe gbọ́dọ̀ rí, ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, àti owó tí wọ́n máa fi pamọ́ láti dí kòtò padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ.

Ní apá Ogbèrè àti etí omi, ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń pè ní bitumen, ẹ̀yà epo kan, wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yín. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá sọ pé ká yára wà á kí ayé tó kọ epo sílẹ̀. Ẹni tó ń kánjú ta ọjà tí kò ní lówó lórí mọ́ kì í ro ti ilé tó gbà á sí.

Àwọn ọmọ wa kò níṣẹ́. Ṣé odò ló máa fún wọn ní oúnjẹ?

Ìyá kan ló bi mí, omijé sì wà lójú rẹ̀. N kò ní ìdáhùn tó kún. Mo mọ̀ pé odò ló ń fún àwọn apẹja etí omi ní oúnjẹ báyìí, òun ló sì ń fún àwọn onígaàrí. Iṣẹ́ ìwakùsà máa ń pẹ́ fún ọdún díẹ̀, ihò rẹ̀ máa ń dúró. Iṣẹ́ wà nínú títún igbó gbìn, nínú títò sólà, nínú kíkó bátìrì àlòkù jọ lọ́nà tí kò ní pa ẹni tó ń kó o. Ìlú ló gbọ́dọ̀ fi wọ́n sínú àdéhùn.

Kí ni mo lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí?

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà tó dàgbà jù ládùúgbò yín pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ kọ orúkọ gbogbo odò, ìsun omi, igbó àti igi tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, pẹ̀lú ọdún tí ẹ kọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò omi náà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn àti lásìkò òjò. Kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sí ààfin, ọ̀kan sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ọ̀kan sí ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kò sí ohun mímọ́ kankan lórí ilẹ̀ yín, ìwé yẹn ni ẹ máa gbé síwájú adájọ́.